Ọkọ̀ Tó Kúnlẹ̀ Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó

Ọkọ̀ ńlá dára lójú, kí Ọlọ́run má fi ìtọ́jú rẹ̀ dán wa wò. Àdúrà tí àwa ará abúlé Lugzi ń gbà nìyí láti ìgbà tí Lulash ọmọ Prend ti gbé ọkọ̀ dúdú rẹ̀ gun òkè wá bá wa. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí àdúrà yìí, kó kọ́kọ́ lọ ra tirẹ̀ ná.

Àlòkù ni ọkọ̀ náà. Olówó kan nílẹ̀ Jámánì ló kọ́kọ́ gùn ún, ó gùn ún títí ó fi rí i pé àsìkò ti tó kí ẹlòmíràn máa tún un ṣe, ló bá tà á. Ẹni tó rà á kò lówó tó ẹni àkọ́kọ́, ẹni tó tún rà á lẹ́yìn ìyẹn kò lówó tó ẹni kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, tí àpò àwọn tó ń rà á ń fẹ́lẹ́ sí i, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Lulash, ẹni tó ní àgùntàn díẹ̀, màlúù kan, ìbaaka kan àti ilé oyin lẹ́yìn ọgbà.

Kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Pashk ọmọ rẹ̀ ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Ítálì. Pashk rí Drande, ọmọ Kolë, ará ìlú Shkodra nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ náà wù ú, òun náà wu ọmọ náà. Èmi tí mo jẹ́ aládùúgbò wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lena, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ ọmọ. Kolë bu ọtí rákí fún wa, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní:

"Àna mi, ọkọ̀ wo ni yóò ṣíwájú lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wá gbé ọmọ mi?"

Lulash wo ìta. Nínú ọgbà Kolë, ọkọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n fi tapólì bò mọ́lẹ̀ bí ẹni bo àgbà tó ń sùn. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, àna mi. Èyí tó máa ṣíwájú, ẹ máa mọ̀ ọ́n bó bá dé."

Bí a ti ń padà lọ sílé, mo bi í pé, "Lulash, ọkọ̀ wo lo ní?"

Ó ní, "Ìyá Lena, ọ̀la ń bọ̀."

Owó tí Pashk fi ránṣẹ́ láti Ítálì, owó òrùlé ni. Òrùlé ilé wọn ń jò láti ọjọ́ pípẹ́, orí ibùsùn tí ìyàwó tuntun máa sùn gan-an ló sì ti ń jò jù. Lulash kó owó òrùlé, ó fi ra ọkọ̀. Ariwo tí Mrikë ìyàwó rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lódìkejì odò gbọ́ ọ.

"Bàbá Pashk! Ṣé inú ọkọ̀ lọmọ mi àtìyàwó rẹ̀ máa sùn ni?"

"Mrikë, fi ọgbọ́n ṣe é. Òrùlé kì í jáde lọ sóde. Ta ni yóò rí òrùlé wa ní Shkodra?"

"Òjò á rí i!"

Ṣùgbọ́n ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ọjọ́ náà gan-an ni Lulash lé màlúù kúrò ní ibùjẹ ẹran, ó gbá ibẹ̀, ó fi ẹfun kùn ún, ó gbé ọkọ̀ wọ ibẹ̀. Màlúù ń sùn nínú òtútù, ó ń wo ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà bí ìyálé tí wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Lulash so ayù mọ́ dígí iwájú, ó tún so ọmọláńgidi tí wọ́n fi àkísà ṣe mọ́ ọn, kí ojú burúkú má bàa bà á. Fáda wa, Don Ndoc, wá wọ́n omi mímọ́ sí i. Lulash dúró níwájú rẹ̀, ó ń kì í:

"Àjòjì Jámánì, ọmọ àwọn tó mọ irin rọ,
Adúmáadán bí ẹyẹ ìwò,
Asáré-má-mi-ara,
Alága awọ tí í gbóná nígbà yìnyín,
Bí o bá kọjá, ọ̀tá á rí ojú ara rẹ̀ lára rẹ."

Lóòótọ́ ni ọ̀tá ń rí ojú ara rẹ̀. Àwa náà ń rí tiwa, a ń wò ó tún gèlè wé.

Ẹni tó ra ẹṣin ni yóò ra koríko, wọn kì í sì í ta koríko ẹṣin ọba ní iye koríko kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Lulash rò pé ọjọ́ tí òun sanwó lòun rà á tán. Kò mọ̀ pé ọjọ́ náà lòun bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Iná iwájú kan kú. Ká ní ọkọ̀ mi kékeré ni, n óò ṣí ìdérí, n óò yọ gílóòbù, n óò fi òmíràn sí i, ìyẹn ni pé ọkọ mi ló máa ṣe é, èmi á máa pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n ti Lulash, wọ́n ní àfi kí wọ́n tú gbogbo imú rẹ̀. Táyà rẹ̀ fẹ̀ ju ti katakata lọ. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀, wọ́n ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó wọ̀n ọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí sì tóbi bí ojúbọ. Ọ́ìlì tó ń mu, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Tirẹ̀ ní orúkọ àti oyè.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló wà lágbègbè wa, Gjeto ni, ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó gba orí òkè kọjá. Ilé ilẹ̀ lásán ni Gjeto ń gbé kí ọkọ̀ yìí tó dé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó àgùntàn Lulash lọ, Gjeto mọ ògiri àjà kìíní. Jíà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, màlúù tó ń sùn nínú òtútù bọ́ nínú ìyà, wọ́n tà á, Gjeto fi fèrèsé sí i. Bíréèkì gbé oyin odidi ọdún kan mì, Gjeto gun àjà kejì. Bí ọkọ̀ Lulash ṣe ń rẹlẹ̀ ni ilé Gjeto ń ga.

Ọkọ̀ náà sì ń rẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ọkọ̀ wa yòókù, ṣọ́kù àti sípíríìngì ló gbé wọn dúró. Tirẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ ni. Láàárọ̀, a óò bá a tó ti fi ikùn lélẹ̀ bí ràkúnmí. Bí Lulash bá ti ṣáná sí i, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ kún àwọn àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora nínú rẹ̀, ọkọ̀ á wá dìde díẹ̀díẹ̀, ìdí á ṣíwájú, orí á tẹ̀lé e.

Lulash ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ń kúnlẹ̀ gba àdúrà òwúrọ̀. Ọkọ̀ onígbàgbọ́ ni."

Don Ndoc mi orí. "Lulash ọmọ mi, omi mímọ́ tí mo ti wọ́n sí ọkọ̀ yìí tó láti fi ṣèrìbọmi fún gbogbo abúlé. Bó bá tún kúnlẹ̀, òróró ìkẹyìn tí a fi ń pa ẹni tó ń kú lọ ni n óò gbé wá."

Lulash gbé e lọ bá Gjeto. Gjeto dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó nu ọwọ́, ó ṣe ojú bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ikú.

"Ọ̀rẹ́ mi, àpò afẹ́fẹ́ rẹ ti ń jò."

"Tèmi kẹ̀?"

"Ti ọkọ̀. Tìrẹ ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ̀rọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ náà ti ń rẹ̀ ẹ́. Mo lè bá ọ wá òmíràn. Tuntun kọ́ o. Bí o bá ní kí n ra tuntun, àfi kí o ta Mrikë."

Ẹran wo ló kù tí Lulash máa tà? Bala ni, ìbaaka rẹ̀, èyí tó ní àmì funfun níwájú orí. Bala ló gbé igi, òun ló gbé omi, òun ló gbé bàbá Lulash fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà òjò dídì. Gjeto sì ń wá ohun tí yóò máa gbé bíríkì gun àjà kejì. Bí Bala ṣe lọ nìyẹn: ẹran tó ń rìn, wọ́n fi pààrọ̀ afẹ́fẹ́.

Màmá Dila, ìyá Lulash, àgbà obìnrin tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí pátákò Bala ṣe ń jìnnà lọ.

"Lulash."

"Ìyá mi."

"Ẹran tó gbé baba rẹ lo tà."

"Ìyá mi, ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Ojú ni."

"Mo ti mọ̀ pé ojú ni. Ojú tèmi kò tilẹ̀ ríran mọ́, síbẹ̀ mo rí èyí."

Mrikë kò bá a jà mọ́. Bó bá ti ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀, òun náà a máa kì í:

"Ọkọ̀ ọkọ mi, ọ̀rẹ́ Gjeto,
Ajẹ-màlúù-má-yó,
Amọ́ìlì-bí-ọmọ-ọwọ́-tí-ń-mọmú,
Bí o bá dìde, a óò jẹun,
Bí o kò bá dìde, a ò ní jẹ ẹ̀wà pàápàá."

Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọjọ́ náà.

Àwọn òfin kan wà lọ́dọ̀ wa tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣeré nígbà tí a bá lọ gbé ìyàwó. Agbéyàwó kì í gba ọ̀nà tó bá lọ padà bọ̀, nítorí ohun tó bá ń dọdẹ ìyàwó á ti lúgọ síbẹ̀. Agbéyàwó kì í yí padà. Ẹsẹ̀ ìyàwó kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀. Oòrùn kò sì gbọdọ̀ wọ̀ kí ó tó wọlé. Ìyàwó tó bá sùn sójú ọ̀nà, títí ayé ni wọ́n máa fi í kọrin.

Ọ̀nà méjì ló so wa mọ́ Shkodra, ọ̀nà ọ̀dà tó gba àwọn ìlú ńlá kọjá, àti ọ̀nà òkè, eruku àti àpáta, tó gba iwájú ilé Gjeto. Gjeto ti kìlọ̀ fún Lulash, etí mi ni mo fi gbọ́: "Àpò tí mo fi sí i yìí, àlòkù ni. Gba ọ̀nà òkè lọ, nígbà tí kò sẹ́rù nínú rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀dà ni kí o fi gbé ìyàwó bọ̀. O gbọ́?" Lulash ní òun gbọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti fọ ọkọ̀, wọ́n ti fi òróró pa á, wọ́n ti so aṣọ pupa mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ń dán, ojú ò gbà á. Lulash dúró ní oríta, ó wo ọ̀nà òkè, ó rí eruku. Ó wo ara ọkọ̀ rẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i tó ń gbọn orí. Ṣé kí Kolë wá rí ọkọ̀ náà bí ẹni tó sùn nínú ẹfun ni? Kí àwọn ìlú ńlá má sì rí i rárá? Ó yà sí ọ̀nà ọ̀dà.

Ọkọ mi kígbe pé, "Ó ti yà! Ọ̀nà òkè ló kù fún bíbọ̀ yẹn!"

Mo ní, "Jésù, ọmọ Màríà."

Ẹ wá wo fáàrí lójú ọ̀nà! A ń fun fèrè, àwọn ènìyàn ń jáde wò wá. Ní Shkodra, Kolë fọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ bí ẹni pa ẹṣin lára, ó ní, "Àna mi, o ṣe é." Omi bọ́ lójú Lulash. Gbogbo àgùntàn, gbogbo oyin, ó jọ pé wọ́n padà wá sínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Drande gbé e sínú ọkọ̀, aṣọ funfun rẹ̀ kún ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n di àpótí ẹrù rẹ̀ sínú ìdí ọkọ̀, aṣọ òtútù, ìkòkò idẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo rí ìdí ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo gbàdúrà.

A gba ọ̀nà òkè. Ó gun, ó gun. Ibi tí ọ̀nà ti há jù, tí àpáta wà lọ́tùn-ún, tí ọ̀gbun wà lósì, ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí àgbàlagbà bá mí kanlẹ̀. Fúú. Ìdí ọkọ̀ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà orí kúnlẹ̀. Ó fi ikùn lé àpáta, ó dákẹ́.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Gbogbo ọkọ̀ dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé a dúró kí a lè jó ni, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń jó bọ̀. Lulash ń tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kérora lẹ́ẹ̀kan, ó tún kérora, èéfín rú jáde, ó parí.

"Ẹ jẹ́ ká tì í."

"Ibo la máa tì í sí? Inú ọ̀gbun?"

"Kí ìyàwó bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn."

"Ọkọ̀ wo ló máa kọjá lára èyí? Àbí o fẹ́ kí ọkọ̀ náà fò ni?"

"Ká padà sẹ́yìn…"

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò parí rẹ̀, gbogbo ojú ló kọjú sí i.

Oòrùn ti ń tẹ̀ sí orí òkè. Lulash jókòó lórí òkúta, ó fi orí lé ọwọ́. "Ìyá Lena, mo ti ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́."

Kí n tó dáhùn, a gbọ́ ohùn kan lókè. "Mo sọ fún un! Ṣé mi ò sọ fún un?" Gjeto ni, tó ń ti ilé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, sìmẹ́ńtì ní irun rẹ̀, tó ń fa Bala lọ́wọ́ pẹ̀lú bíríkì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bala rí Lulash, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹran náà ní ìwà.

Gjeto ń wo abẹ́ ọkọ̀, ó ń sọ orúkọ ohun tó bàjẹ́. Èmi ń wo Bala.

"Lulash," mo ní, "kí ló gbé ìyá rẹ wọ ilé baba rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Lena, ìgbà ìtàn kọ́ nìyí."

"Mo ní kí ló gbé e wá?"

Ó gbé orí sókè. "Ẹṣin."

"Èyí tó dúró síbí yìí, ṣé ẹṣin kọ́ ni ìyá tó bí i?"

Ó wo Bala, ó wo oòrùn. Ó dìde wéré. "Gjeto, tú bíríkì yẹn sílẹ̀!"

Ohun kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ni fèrèsé òrùlé rẹ̀. Ó ṣí. Drande, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti kúrò nílé baba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ìyàwó, gòkè yọ jáde láti inú òrùlé pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìbòjú, ó gun orí ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro.

"Rọra! Ọ̀dà rẹ̀!" Lulash ló ń kígbe.

Gbogbo wa wò ó.

Drande wo ọ̀dà náà, ó gbé ẹsẹ̀ lé e dáadáa, ó ti ibẹ̀ bọ́ sórí Bala. Bala kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó mọ ọ̀nà ilé ju àwa tó ń fà á lọ. Àwa obìnrin ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀, a gbé bàtà lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin gbé àpótí lérí. Oòrùn ṣì wà ní ìbú ọwọ́ lókè nígbà tí a wọ Lugzi. Pashk, tó ti Ítálì dé, tó ń dúró sílé de ìyàwó bí àṣà wa, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ọkọ̀ dúdú, ó rí ìbaaka.

Màmá Dila gbọ́ pátákò. Ó fi ọ̀pá dìde.

"Ta ló ń bọ̀ un?"

"Ìyàwó ni, Màmá."

"Lórí kí ni?"

"Lórí Bala."

Àgbà obìnrin náà sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo àwọn yòókù, inú páànù ni wọ́n ti jáde bí ẹja inú agolo. Èyí nìkan ni ìyàwó tó dé bí a ti ń dé." Àwọn àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní irú ìgbéyàwó báyìí, ó pẹ́ tí ojú rí i. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kí rákí tó yí wa ká lẹ́ẹ̀kejì, Lulash ti ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Èmi ni mo ní kí á dá àṣà padà. Mo ti rò ó pẹ́."

Mrikë wò ó láti ibi ìdáná. "Ó ti rò ó pẹ́," ló wí. "Láti ìgbà tó ti wà lórí òkúta."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ń gbé ìkòkò idẹ tí Drande gbé wá kiri inú yàrá, wọ́n ń gbe omi. Àárín omi yìí ni Lulash jókòó sí tó ń sọ pé àwọn ilé oyin ṣì wà, bí òun bá tà wọ́n, Gjeto á wá ẹ̀rọ mìíràn fún òun, òun á fi gbé ọkọ̀ kúrò lórí òkè.

Drande gbé ìkòkò kan sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ṣé mo lè sọ̀rọ̀?"

Gbogbo ilé kọjú sí Lulash. Ìyàwó tuntun kì í sọ̀rọ̀ níwájú baba ọkọ àfi tó bá gbà á láyè. "Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Ọkọ̀ tó wà lábẹ́ tapólì nílé wa, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́. Orí ìtọ́jú rẹ̀ ni ilẹ̀ bàbá mi tó wà lẹ́bàá odò bá lọ. Nígbà tí wọ́n béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí ẹ má lọ béèrè tiwọn."

Lulash fa ìkòkò kan sábẹ́ ibi tó ń jò.

"Èmi ò fẹ́ ọkọ̀, Bàbá. Ẹ bá mi gba ẹni tó gbé mi wọlé padà. Kí ẹ sì bá wa bo orí ilé."

Lulash gun òkè lọ bá Gjeto. Èmi náà tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa pa ìtàn dà. Gjeto jókòó sórí bíríkì, ó ń wo ọkọ̀ tí wọ́n ti wọ́ dé iwájú ilé rẹ̀.

"N óò fún ọ ní Bala," ló wí. "Fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, kí o sì mú páànù tí mo rà fún àjà kejì. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Mo ní, "Gjeto! Ìwọ tí o mọ gbogbo àrùn tó wà lára rẹ̀?"

Kò wo ojú mi. "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ń lọ sílé ọkọ nígbà ìkórè, Ìyá Lena. Ta ni yóò rí àrùn lójú ọ̀nà?"

Èdùmàrè, ṣàánú fún wa.

Bala gbé páànù wálé mẹ́rin mẹ́rin. Ibùsùn àwọn ọmọ ti gbẹ báyìí, wọ́n sì ní ọmọ tuntun ti ń bọ̀ tí yóò sùn lórí rẹ̀, kí Ọlọ́run gbé e dé láyọ̀. Ilé Gjeto dúró síbi fèrèsé àjà kejì, irin yọ lórí rẹ̀ bí irun ẹlẹ́dẹ̀, òjò ń wọ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, òun náà ni oníbàárà. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ, ó sì ń gbà á gbọ́.

Bí Lulash bá ń fa Bala kọjá níbẹ̀, ó máa ń dúró. Ọkọ̀ á ti kúnlẹ̀ lábẹ́ ògiri, eruku á ti bò ó. Ó máa ń na ọwọ́ kan, á nu díẹ̀ níwájú rẹ̀, á wo ojú ara rẹ̀. "Adúmáadán," á wí, jẹ́jẹ́.

Bala á fa okùn.